Ohùn Kan Nínú Ìbejì: Lámèyítọ́ lórí Àwo Orin Ibeyi

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí Lisa-Kaindé Díaz àti Naomi Díaz, ìbejì tí wọ́n bí ní ìlú Paris lọ́dún 1994, ń wá orúkọ tí wọn yóò fún ẹgbẹ́ orin wọn, wọn kò rìn jìnnà. Ibeyi ni wọ́n sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ì báà jẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, ní Ẹnu Ọ̀wá tàbí ní Pópó Àgùdà, kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìbejì ni. Ahọ́n àwọn ará Kúbà ló yí ìró kan inú rẹ̀ padà. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún àwo orin wọn àkọ́kọ́, èyí tí ilé-iṣẹ́ XL Recordings ní Lọ́ńdọ́nù gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2015. Orin 13 ló wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi yan àwo yìí fún lámèyítọ́, tí n kò yan ti olórin Èkó kan, kò ju ẹyọ kan lọ. Orin tó ṣí àwo náà kò sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ní èdè Faransé. Ìjúbà ni, sí Ẹlẹ́gbára, ní èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ tí wọn kò dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ń kọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Erékùṣù Èkó lónìí kò lè kọ, tí òbí ẹlòmíràn kò sì ní fẹ́ kí wọ́n kọ. Ìbéèrè wá dìde: ṣé Yorùbá ni wọ́n ń kọ lóòótọ́, àbí wọ́n kàn mú èdè wa ṣe ọ̀ṣọ́ sára orin òyìnbó? Èsì rẹ̀ kò rọrùn tó bí a ṣe lè rò. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó kọrin, ká sì gbọ́ bí orin náà ṣe ń ró.

Bàbá wọn ni Miguel "Angá" Díaz, ọmọ Kúbà, ọ̀kan nínú àwọn onílù kọ́ńgà tí òkìkí wọn kàn jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Ìlù márùn-ún ló máa ń tò síwájú, tí yóò sì máa fi wọ́n dárin bí ẹni tó ń tẹ dùùrù. Ó bá ẹgbẹ́ Irakere ṣiṣẹ́, ó sì bá àwọn àgbà olórin Buena Vista Social Club ṣeré. Lọ́dún 2005 ó gbé àwo tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Echu Mingua. Ẹ tún orúkọ yẹn gbọ́ dáadáa: Èṣù ló ṣíwájú nínú rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, lọ́dún 2006, ó jáde láyé. Ọmọ ọdún 11 ni àwọn ìbejì rẹ̀. Ìtàn tí àwọn fúnra wọn máa ń sọ ni pé ọjọ́ kejì ikú bàbá wọn ni Naomi jókòó lé cajón rẹ̀, ìyẹn àpótí onígi tí onílù máa ń jókòó lé, tí yóò sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu iwájú rẹ̀. Pẹ̀lú ìyá wọn, Maya Dagnino, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn orin Yorùbá tó ti ẹnu àwọn ará Kúbà wá. Ọ̀fọ̀ ló bí ẹgbẹ́ yìí, àwo náà kò sì fi pamọ́. Orin "Think of You" jẹ́ ti bàbá wọn. "Mama Says" jẹ́ ti ìyá tí ayé sú nígbà tí ọkùnrin rẹ̀ ti lọ. "Yanira" jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí òun náà ti kú.

Ẹni tó bá wọn ṣètò ìró orin náà ni Richard Russell, tó ni ilé-iṣẹ́ XL Recordings. Kí ó tó bá àwọn ìbejì yìí ṣiṣẹ́, ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àgbà olórin Amẹ́ríkà méjì, Gil Scott-Heron lọ́dún 2010 àti Bobby Womack lọ́dún 2012. Ọ̀nà kan náà ló máa ń tọ̀: yóò yọ gbogbo ohun tí kò ṣe kókó kúrò, yóò fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ́ ìró kan tó rinlẹ̀ sísàlẹ̀, yóò sì fi ohùn èèyàn sórí rẹ̀ láìfi nǹkan bò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe níbí. Dùùrù wà, cajón wà, bàtá wà, ìlù tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe wà. Kò sí agbo fèrè, kò sí ọ̀wọ́ gìtá bíi ti jùjú. Orin náà kò sáré rárá. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé omi lérí.

Etí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lè kọ́kọ́ kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Orin tó kún ni a mọ̀. Lórí erékùṣù yìí ni Túndé King, ọmọ Ọlọ́wọ́gbowó, ti mú jùjú jáde ní nǹkan bí ọdún 1930. Àwọn oníwéré tó ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú àwẹ̀ Ramadan náà gbilẹ̀ ládùúgbò wa, inú wéré ni fújì sì ti jáde. Nínú orin wọ̀nyí, bí ìlù kan bá sinmi, òmíràn ti gbà á. Àlàfo kì í sí. Ẹni tó bá ti inú fújì bọ́ sínú àwo Ibeyi yóò rò pé àwọn onílù kò tíì dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá fara balẹ̀, yóò rí i pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo náà sílẹ̀ ni. Ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ máa ń dákẹ́, ohùn ẹni kan ṣoṣo nínú rẹ̀ a sì máa dún ju bó ṣe yẹ lọ. Irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ni Russell kọ́ fún wọn.

Ẹni kan ṣoṣo ni mo wí, bẹ́ẹ̀ ìbejì ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an nìyẹn. Orúkọ méjì ló wà lẹ́yìn àwo náà, àmọ́ ohùn Lisa-Kaindé ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Òun ló ń lé orin, òun ló ń tẹ dùùrù. Naomi a máa gbè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti ń jáde. Kaindé ni bí àwọn ará Kúbà ṣe ń pe Kẹ́hìndé. Àwa Yorùbá sì gbà pé Kẹ́hìndé ló máa ń rán Táíwò jáde ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Nínú orin "River", ìlù ló kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ọ̀nà wò. Ìgbà tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ohùn Kaindé tó yọ. N kò mọ̀ bóyá wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò ní ṣàì rò ó.

Irú ohùn wo ni? Kì í ṣe ohùn ńlá bíi ti àwọn adákọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ń fi orin mi àjà. Ó tinrin díẹ̀, ó sì há níbòmíràn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Kò fi ẹwà ohùn ṣe fọ́rífọ́rí. Ohun tó fún un lágbára ni bí wọ́n ṣe ń fi ègbè yí i ká. Gbogbo wa mọ ètò lílé àti gbígbè: ẹni kan á lé, agbo á gbè. Ètò yẹn la òkun kọjá pẹ̀lú àwọn ẹrú, ó sì wà nínú àwo yìí láìyingin. Ṣùgbọ́n níbo ni agbo wà? Nínú iyàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn méjì yìí náà ni wọ́n tún ń gbè é. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kọ, wọ́n to ohùn lé ohùn títí èèyàn méjì fi di ogunlọ́gọ̀. Ó dùn létí gan-an. Síbẹ̀, bí ẹ bá ronú sí i, ó bani nínú jẹ́. Iṣẹ́ tó yẹ kí agbo ilé kan lódindi ṣe ni àwọn ọmọbìnrin méjì ń dá ṣe. Bàbá tó yẹ kó lùlù ti lọ, ẹ̀gbọ́n tó yẹ kó gbè ti lọ, ẹ̀rọ ló wá dípò ẹbí. Lójú tèmi, ibí yìí ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti wúlò jù nínú àwo náà.

Ọ̀rọ̀ bàtá náà yẹ ní sísọ. Ìlù bàtá ti dé Kúbà kí ìbejì yìí tó dáyé. Mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn ṣì ń jẹ́ iyá títí dòní, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe tiwa ní ìyáàlù. Òrìṣà inú ìlù, Àyàn, ni wọ́n ń pè ní Añá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, obìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bàtá tí wọ́n ti fi Añá sí nínú. Bàtá tí Naomi ń lù lórí ìtàgé kì í ṣe irú èyí. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó ti bàtá ní gbangba, tó sì ń lù ú mọ́ ìlù ẹ̀rọ, ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà nínú àṣà náà yóò fajú ro sí. Àwọn kan lè pè é ní àfojúdi. Èmi pè é ní ogún. Ọmọ onílù ni, kò sì sí ọmọkùnrin nínú ẹgbẹ́ náà tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè èdè. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìyá ni ó bí ni; ìyà ni í jẹ ni. Ohùn kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín wọn. Ìdí nìyí tí olórin Yorùbá tó mọṣẹ́ fi máa ń jẹ́ kí orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kó sì wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wálẹ̀. Èdè Sípéènì kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lọ sí Kúbà gbé ọ̀rọ̀ dání, wọ́n gbé orin dání, ṣùgbọ́n láàárín ìran mẹ́ta sí mẹ́rin, ohùn ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọnù lọ́nà. Yorùbá tó ṣẹ́ kù, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, kò sí lẹ́nu àwọn tó ń tajà tàbí tó ń bá ọmọ wí mọ́. Inú àdúrà àti orin òrìṣà nìkan ló kù sí.

Èyí ni a ń gbọ́ nínú àwo Ibeyi. Nígbà tí wọ́n bá kọ "Eleggua" tàbí apá ìparí "Oya", ọmọ Èkó yóò kọ́kọ́ dá orúkọ mọ̀: Ẹlẹ́gbára, Ọya, Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan yóò yọ lójijì tó dá a lójú. Ìyókù yóò kọjá létí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: o mọ̀ pé èdè ilé yín ni, ṣùgbọ́n o kò gbọ́ ọ délẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ Yorùbá kan yóò sọ pé Yorùbá tó bàjẹ́ ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbọ́ ọ rárá.

Kí a tó dá wọn lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí erékùṣù yìí gan-an. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ní Èkó túmọ̀ orin ìyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ohùn orin ń gòkè, ohùn ọ̀rọ̀ ń wálẹ̀, ìtumọ̀ dàrú. Àwọn tó ń kọ ọ́ sì gbọ́ Yorùbá yékéyéké. T. K. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àti olùdarí orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí orin ìjọ yóò ṣe bá ohùn Yorùbá mu. Ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá, èyí tó jáde lọ́dún 1953. Bí àwa tó wà nílé, tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè, bá lè fọwọ́ ara wa da ohùn èdè wa rú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni ká sọ sí àwọn tí wọ́n fi ẹgba gbà á lẹ́nu wọn? Yorùbá tó wà nínú àwo yìí fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni.

Ọ̀rọ̀ Kúbà kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe rò. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jù lọ létí òkun yìí. Ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Brasil, àwọn mìíràn lọ sí Kúbà. Ọba wa jẹ nínú òwò náà, àwọn ìjòyè jẹ níbẹ̀. Lọ́dún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn tó ti ra ara wọn padà lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí Èkó lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn ni Àgùdà. Àwọn ló tẹ Pópó Àgùdà dó, àwọn ló kọ́ àwọn ilé alárà tó kù díẹ̀ ní Kakawa àti Bámgbóṣé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọn ló sì kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Campos Square ń jẹ́ orúkọ ìdílé Àgùdà kan tó ti Kúbà wá. Àwọn kan padà wálé nígbà náà, àwọn kan kò rí ọ̀nà wá. Orin tí àwọn tí kò padà wálé fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn ló wà nínú àwo tí à ń sọ yìí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó bá ń gbọ́ Ibeyi, ọ̀rọ̀ ẹbí ló ń gbọ́, gbèsè náà sì wà nínú rẹ̀.

Orin tó ga jù nínú àwo náà ni "River". Odò ni wọ́n ń bẹ̀, pé kó wẹ ìbànújẹ́ àti ẹ̀bi kúrò lára ẹni tó wọ inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣòro, ọmọ ìwé mẹ́fà lè lóye rẹ̀. Ìlù rẹ̀ wúwo, ó ń lọ ní ìwọ̀n kan náà láìyí padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Gẹ̀ẹ́sì dákẹ́, orin Ọ̀ṣun ní Yorùbá sì gba ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tó kéde rẹ̀. Ó dàbí ẹni tó ti ń fi èdè àlejò sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ títí tí kò fi gbà á mọ́, tó wá bú sí èdè ìyá rẹ̀. Fídíò orin náà tún fìdí èyí múlẹ̀. Àwọn ìbejì méjèèjì dùbúlẹ̀ sínú omi, ọwọ́ ẹlòmíràn sì di orí wọn mú. A ó gbé ọ̀kan sókè kó kọrin tirẹ̀, a ó tún rì í, a ó gbé èkejì. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ kò lè mí àfi ìgbà tó bá tún kàn án. N kò tíì rí àwòrán tó sọ ohun tí ìbejì jẹ́ tó báyìí: ẹnì kan kò lè gba èémí fún èkejì, ṣùgbọ́n wọ́n ń pín in.

Àwo náà ní àléébù, kò sì yẹ ká fi ìfẹ́ ẹbí bò ó mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ibì kan nínú rẹ̀ rọ. Orin bíi "Stranger / Lover" àti "Singles" jẹ́ orin ìfẹ́ àti ìdánìkanwà tí ọ̀dọ́ èyíkéyìí ní Lọ́ńdọ́nù tàbí Paris lè kọ. Ìlù fà sẹ́yìn níbẹ̀, Yorùbá kò sí níbẹ̀, ohùn kan ṣoṣo náà kò sì ní ohun tó pọ̀ tó láti gbé. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ohùn Lisa-Kaindé nílò ọwọ́ arábìnrin rẹ̀, ibi tí ọwọ́ náà bá ti rọ̀, orin náà a rọ̀ pẹ̀lú. Èkejì ni pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú àwọn orin kan rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń tún gbólóhùn kan sọ títí, bí ẹni pé àtúnsọ nìkan tó láti mú kó jinlẹ̀. Àtúnsọ máa ń jinlẹ̀ nínú orin òrìṣà nítorí pé ìran púpọ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú. Gbólóhùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lánàá kò ní irú ìwọ̀n yẹn.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Ẹ̀bá ọ̀nà ni Yorùbá wà nínú àwo náà. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni a ti pàdé rẹ̀ nínú "Eleggua", ẹnu ọ̀nà àbájáde ni a ti tún pàdé rẹ̀ nínú orin ìkẹyìn, nínú àwọn tó kù, òpin ni ó sábà máa ń dé. Nígbà tí àwọn ìbejì bá fẹ́ sọ ti inú ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà ni wọ́n ń sọ Yorùbá, àdúrà náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n jogún, tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ tuntun kún. Èmi kò bá wọn wí, nítorí èyí tí wọ́n rí jogún náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n èdè tó mọ àdúrà nìkan kò tíì pé. Èdè tó pé a máa ná ọjà, a máa jà, a máa ṣẹ̀fẹ̀, a máa bínú sí ọ̀gá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbá kan ló là sí méjì. Àwọn ará Kúbà mú ìlàjì tó ní àdúrà àti orin, ìlàjì tó ní ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlàjì kejì wà lọ́wọ́ wa. A ń gbọ́ Yorùbá ní Ẹ̀bútẹ́ Èrò, nínú dánfó, lẹ́nu ìyá oníṣòwò ní Balógun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ń fi Gẹ̀ẹ́sì ká ọmọ lẹ́nu mọ́ nínú ilé, àwọn ilé-ìwé kan sì ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ èdè bàbá rẹ̀. Lọ́dún 2018 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè mú ọmọ kọrin. Àwọn tí wọ́n fi ìyà gba èdè lọ́wọ́ wọn di ìlàjì tiwọn mú ṣinṣin. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ wa ń jẹ́ kí tiwa jábọ́.

Mo mọ àtakò tí àwọn òbí kan yóò mú wá. Wọn yóò ní orin òrìṣà ni, pé Mùsùlùmí tàbí Kírísítẹ́nì ni àwọn, kò yẹ kí ọmọ àwọn gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó nǹkan, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ bọ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí bíbọ. Nígbà tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde láti Ìga Ìdúngánran, àwọn onímọ́ṣáláṣí àti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń dá aṣọ funfun àti òpáàǹbàtà mọ̀, tí wọ́n sì mọ ìga tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ̀sìn wọn kò yingin. Ọmọ tó bá gbọ́ "River", tó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ pé kí ni ọ̀rọ̀ òpin yẹn, yóò kọ́ ìtàn, yóò kọ́ èdè, yóò sì mọ̀ pé àwọn ìbátan òun kan wà lókè òkun tí wọ́n ń pe orúkọ tí òun náà mọ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Gẹ́gẹ́ bí àwo orin, Ibeyi kò pé: bí mẹ́rin nínú orin 13 náà bá yọ kúrò, kò sí ohun tí yóò bà jẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ohùn Lisa-Kaindé, ọwọ́ Naomi àti ẹ̀rọ Russell bá ti fi ẹnu kò, wọ́n gbé orin kan jáde tí kò jọ ti ẹlòmíràn. Ní ti ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. A lè yọ ọ̀ṣọ́ kúrò lára aṣọ kí aṣọ ṣì wà. Bí ẹ bá yọ Yorùbá kúrò nínú "River", orin náà kò ní ibi tí yóò já sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá gbé e wọ kíláàsì, kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́, kí wọ́n sì gbìyànjú láti fi àmì ohùn sí i. Kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá tó ju ìyẹn lọ: kí ọmọ Èkó dá ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń rìn káàkiri láìní ohùn láti ìgbà tó ti fi etí òkun wa sílẹ̀.